Ẹyin Kan àti Ààbọ̀

Ọdún tí bàbá wa fi òṣùwọ̀n kòkó wọn èmi àti Táíwò, ìkejì mi, ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ara ọmọdé lè máa sanra kí ọkàn rẹ̀ sì máa rù. Nínú sítọ́ọ̀ kòkó kan ní ìlú Aládé ni. Wọ́n ní kí n jókòó sínú àpò tó ṣófo, wọ́n kó ẹnu àpò náà pọ̀ mọ́ ìkọ́ irin tó wà lábẹ́ òṣùwọ̀n, ẹsẹ̀ mi sì kúrò nílẹ̀. Òórùn kòkó gbígbẹ kún imú mi, eruku rẹ̀ ń yún mi lọ́fun. Bàbá wo ojú òṣùwọ̀n, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé wọn, wọ́n gbé mi kalẹ̀, wọ́n ní ó yá, kí Táíwò náà bọ́ sínú àpò. Nígbà tí wọ́n wo ti Táíwò, wọn ò kọ nǹkan kan. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbọn àpò náà, wọ́n tún gbé e kọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wá nígbà náà, ọmọ inú kan náà, ọmọ ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n mo wúwo ju Táíwò lọ. Mo mọ ìdí rẹ̀. Bàbá ò mọ̀ ọ́n, Táíwò pàápàá ò mọ̀ ọ́n tán, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹsẹ̀ òkè ni ilé wa wà, níbi tí àpáta ti ga lẹ́yìn ilé ìdáná débi pé oòrùn kì í tètè dé àgbàlá wa. Ohun tó ń jí wa ni ìgbálẹ̀ Yèyé, ìyá bàbá wa, tí wọ́n fi ń ha ilẹ̀ kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ orógùn wọn nínú ìkòkò ọ̀gì, lẹ́yìn ìyẹn ni alùpùpù Bàbá, tí í máa wúkọ́ bí àgbàlagbà kí ó tó dáhùn. Màámi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Owena, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wọ̀, nítorí náà ọwọ́ Yèyé ni oúnjẹ àárọ̀ wa wà. Iṣẹ́ àgíríìkì ni Bàbá ń ṣe. Oko dé oko ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fín oògùn sí kòkó kí ó má baà rà dúdú lórí igi. Bí àgbẹ̀ kan bá ní òun ò gbà, Bàbá ò ní bá a jiyàn. Wọ́n á ní kí ó fín ìlà kan, kí ó fi ìlà kejì sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì wá wò ó nígbà ìkórè. Bí àwọn ènìyàn ṣe sọ wọ́n ní Bàbá Ìlà Méjì nìyẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn. Nínú ilé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo wa: ká ní a ò ṣe é ńkọ́, báwo ni ì bá ṣe rí? Bí Màámi bá ní àgbo ló wo ibà Táíwò sàn, wọ́n á béèrè. Bí Yèyé bá fẹ́ dá wa dúró nílé kí a wá tú kòkó sínú oòrùn, wọ́n á ní wákàtí tí ọmọ fi tú kòkó, ara ìwé rẹ̀ ni a ti yọ ọ́. Bí Yèyé bá ní pàṣán ló tọ́ àwọn tí àwọn fi di ènìyàn, wọ́n á tún béèrè. Yèyé á ní àwọn ò lè mọ bí ì bá ṣe rí, Ọlọ́run ò fún àwọn ní ara méjì.

Àkúrẹ́ ni Bàbá ti gbé ọ̀rọ̀ ẹyin bọ̀. Wọ́n pè wọ́n fún kọ́ọ̀sì, wọ́n sì fún wọn ní ìwé pélébé kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé nǹkan tí òbí bá fi sára ọmọ nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀ ló ń lérè jù, ju gbogbo ohun tó lè ṣe fún un nígbà tó bá dàgbà tán, àti pé ẹyin kan lójúmọ́ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀. Bàbá ka ìwé náà fún wa lórí oúnjẹ bí ẹni ń ka Bíbélì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lọ sọ ọ́ fún àwọn obìnrin Aládé, àwọn ìyàwó àgbẹ̀ àti ti àwọn alágbàṣe. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ta ni kò mọ̀ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè? Ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹyin, á jí ẹyin. Bó bá jí ẹyin tán, á fojú sí adìyẹ. Ìyá Múfú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ará Ìwó ni wọ́n, ọkọ wọn ń ṣe oko kòkó olóko, Múfú ọmọ wọn sì ti pé ọdún méjì láì tíì rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Adìyẹ méjì ni wọ́n ní, ọkọ wọn sì ti sọ pé ẹyin wọn kò gbọdọ̀ kọjá ìtẹ́, àfi kó pa. Ìyá Múfú ní bí Ọ̀gá Àgíríìkì bá lè jẹ́ kí àwọn fi ojú ara àwọn rí i, àwọn á mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọkọ àwọn. Wọ́n wá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìlà méjì ti ọ̀rọ̀ yìí dà. Bàbá padà wálé, wọ́n rí èmi àti Táíwò níbi tí a ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, mo sì rí bí ojú wọn ṣe dúró lára wa.

Kò sí ẹni tí a bí ní ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ pé ohun tí a bá fún Táíwò ni a ń fún Kẹ́hìndé. Bí a bá ra bàtà fún ọ̀kan, a ra fún èkejì, bí ọ̀kan ń sùn pàápàá, a ó bu tirẹ̀ pamọ́. Bàbá ní ẹyin kan lójoojúmọ́ fún ọ̀kan nínú wa, fún odidi táàmù kan, kí èkejì máa jẹ oúnjẹ ilé lásán. Màámi bá wọn sọ̀rọ̀ títí, wọ́n wá fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn pé Kẹ́hìndé gan-an ló kọ́kọ́ ṣe irú ìwádìí yìí, ẹni tó rán Táíwò jáde lọ tọ́ ayé wò. Màámi rẹ́rìn-ín, kò sì yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Yèyé gbé orógùn kalẹ̀.

“Ìbejì kì í ṣe igi kòkó,” ni wọ́n wí.

Bàbá ní kí wọn má bínú, táàmù kan péré ni. Kí ó má baà dà bíi pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú, wọ́n di kóró kòkó kan sí ọwọ́ kan, wọ́n di èkùrọ́ sí èkejì, wọ́n ní ẹni tó bá mú kòkó ni yóò máa jẹ ẹyin, kí Táíwò mú ọwọ́ kan. Kòkó ni Táíwò mú. Èmi ni ìlà tí a ò fín.

Àárọ̀ kìíní, Táíwò jẹ ẹyin rẹ̀ tán, kò lè wo ojú mi. Láti àárọ̀ kejì ló ti rí ọgbọ́n dá. Bàbá máa ń jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ dé ìdajì, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń lọ oko. Ìgbà tí orí wọn bá wà nílẹ̀ yẹn ni ìdajì kejì ń bọ́ sínú àpò yunifọ́ọ̀mù Táíwò. Lẹ́yìn àpáta ńlá tí àwọn obìnrin ń sá gbàgúdà sí, ní ọ̀nà ilé-ìwé wa, ni ó ti ń yọ ọ́ jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹfun ṣọ́ọ̀kì lára rẹ̀, á sì fi sí mi lọ́wọ́. Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Ojú rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ tí mo bá gbé e mì. Bí Bàbá bá mọ̀ pé wọ́n ti ba ìwádìí àwọn jẹ́, mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i, nítorí Bàbá kì í na ọmọ fún àwo tó fọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n ń bínú sí jù.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, mo rò pé ọkàn mi ì bá gbé e. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í jí mi ṣáájú Táíwò, kí n wá bá wọn fẹ́ iná. Wọ́n á ṣí ìkòkò iṣu, tí wọ́n ń pè ní uṣu títí di ọjọ́ ikú wọn, wọ́n á fi ṣíbí yọ ẹyin kan láti àárín rẹ̀, wọ́n á fi etí ìró wọn bó o fún mi. Odidi ẹyin. Wọ́n ní àwọn bí bàbá mi kí ó tó mọ ìwé, pé ó mọ kòkó, kò mọ ìbejì, pé àwọn ò ní lajú sílẹ̀ kí ọ̀kan nínú wa bínú padà sọ́run nítorí ẹyin. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún Táíwò, nítorí ẹnu Táíwò kì í gba omi dúró. Mo gbà. Mo jẹ ẹ́ gbígbóná, ó ta mí lẹ́nu. Nígbà tí a fi máa dé ẹ̀yìn àpáta, mo tún jẹ ìdajì ti Táíwò.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dè mí. Bí mo bá kọ ẹyin Yèyé, wọ́n á bi mí léèrè ìdí rẹ̀, n ó sì tú àṣírí Táíwò. Bí mo bá kọ ti Táíwò, òun náà á bi mí, n ó sì tú àṣírí Yèyé. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ebi ò pa mí. Táíwò rò pé mo ṣì ń bínú nítorí kóró kòkó tó mú, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìdajì náà sí mi lẹ́nu fúnra rẹ̀. Mo lè sọ lónìí pé ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n máa jẹ ẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyin náà dùn, n kò lè purọ́ fún un yín. Àwọn ìgbà kan wà tí mo ti ń retí ẹ̀yìn àpáta láti orí àdúrà òwúrọ̀.

Ọyẹ́ dé, Táíwò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà kì í le, ṣùgbọ́n kì í lọ, bí ó bá sì wúkọ́ ní àgbàlá, àpáta ẹ̀yìn ilé á dá a padà, bíi pé ẹlòmíràn tún ń wúkọ́ lókè. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Yèyé ń wo Bàbá. Èmi kò nílò kí ẹnikẹ́ni wò mí. Mo máa ń dùbúlẹ̀ tì í lórí ẹní, n ó máa ka èémí rẹ̀, n ó máa ṣe àdúrà pé kí Ọlọ́run bá mi yọ àwọn ìdajì náà kúrò lára mi, kí ó dá wọn padà sára rẹ̀. Bí táàmù ti ń parí, Bàbá mú wa lọ sí ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ Òkè Ìdànrè, wọ́n ní kí a sáré dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé n ó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, nítorí náà mo dẹ ẹsẹ̀. Mo dúró bí ẹni ń di okùn bàtà. Táíwò dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi ọwọ́ ti ìhà, ó ń mí gùlegùle, kò sì kọjá mi. Ó rò pé nǹkan ló ṣe mí, òun náà dúró. Bàbá ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dúró de ẹnikẹ́ni. Mo sáré. Ọ̀la rẹ̀ ni wọ́n gbé wa kọ́ òṣùwọ̀n kòkó.

Bàbá kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé wọn. Ọmọ tó ń jẹ ẹyin ló rù, ọmọ tí kò jẹ ẹ́ ló ga, tó wúwo, tó sáré. Màámi ní kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ta ló máa bi wọ́n? Bàbá ní àwọn ti ṣèlérí pé ní ọjọ́ Sátidé àwọn á jábọ̀ fún àwọn obìnrin Aládé, ohun tí ojú àwọn bá sì rí ni ẹnu àwọn máa sọ, ìbáà dùn, ìbáà korò. Ní ọjọ́ Jímọ́, a pàdé Ìyá Múfú níbi ẹ̀rọ omi, Múfú wà lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì. Wọ́n sọ fún wa pé ọkọ àwọn ti gbà láti dúró de ọ̀rọ̀ ọ̀la. Bí Ọ̀gá bá ní ẹyin dára, kí Múfú máa jẹ ẹ́; bí wọ́n bá ní kò ṣe nǹkan kan, adìyẹ méjèèjì á lọ sọ́jà. Wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ lò ń jẹ ẹyin náà, àbí? Ó hàn lára rẹ.”

Táíwò rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni. Ìyá Múfú wò ó, wọ́n tún wò mí, ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Mo gbé omi mi, ìdajì rẹ̀ sì ti dà kí n tó délé.

Abẹ́ ìbòòji sítọ́ọ̀ kòkó ni àwọn obìnrin jókòó sí ní ọjọ́ Sátidé, orí àpò ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Bàbá tò wá síwájú wọn bí wọ́n ṣe ń to èso kòkó, èyí tí a fín, èyí tí a ò fín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé àwọn ti gba ìwé náà gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo àwọn ọmọ yìí fúnra wọn. Ìyá Múfú ti ń gbé ọmọ wọn sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ti gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo ní, “Bàbá, èmi náà ń jẹ ẹyin.”

Kí Bàbá tó lanu, Táíwò ti bọ́ síwájú mi, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde fún pàṣán, ó ní, “Ẹ má nà án, sà. Èmi ni mò ń fún un ní ìdajì.”

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Èyí ni ohun tó ń jí mi lójú oorun títí di òní, pé mo kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ti tó báyìí: Bàbá ti mọ̀ pé ìwádìí ti bàjẹ́, wọn ò ní sọ pé ẹyin kò dára, adìyẹ Ìyá Múfú ò ní lọ sọ́jà, Táíwò á sì máa rò pé ohun kan náà ni àwa méjèèjì jẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá ń wo ojú ìwé wọn, wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bí a bá pín in dọ́gba, ara wa ì bá dọ́gba. Táíwò ṣì na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń wúkọ́.

“Yèyé náà ń fún mi,” ni mo wí. “Odidi. Lójoojúmọ́.”

Táíwò ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Kò wo Bàbá, èmi ló wò, kì í ṣe ìbínú ni mo rí, ó ń ṣe ìṣirò. Ìyá Múfú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, èyí tó jẹ ẹyin kan àti ààbọ̀ ló ki pọ́pọ́ yìí, èyí tó jẹ ààbọ̀ ló rù yìí, kí la tún ń wá? Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ń bẹ̀ wọ́n pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, pé ọmọ tó ń wúkọ́ lè rù nítorí ikọ́, pé ìwádìí tó ti bàjẹ́ ò ṣe é fi jẹ́rìí. Àwọn obìnrin ti dìde. Ìyá Múfú ti ń lọ sílé lọ bá ọkọ wọn. Bàbá ò nà wá. Wọ́n nu gíláàsì ojú wọn sí ẹ̀wù fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá Màámi náà mọ̀.

Múfú rìn kí kòkó tó tún pọ́n. Gbogbo Aládé ní ẹyin ni. Bàbá ní bóyá, ṣùgbọ́n ká ní kò jẹ ẹ́ ńkọ́? Nísinsìnyí tí orí mi ti funfun, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́ ń fi ohun tí àwọn olùwádìí sọ nípa títọ́ ọmọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: pé kí a máa bá ìkókó sọ̀rọ̀ kó tó lè fèsì, pé kí a má máa fi ẹ̀bùn bẹ ọmọ kó tó kàwé. Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń gba èyí tó pọ̀ jù gbọ́, nítorí ọmọ Bàbá Ìlà Méjì ni mí. Mo kàn máa ń bi í pé nígbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo ìyẹn, ta ló wà ní ilé ìdáná? Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Èmi náà ń bi ara mi ní ìbéèrè Bàbá. Ká ní mo ti sọ fún Táíwò láti àárọ̀ kejì, báwo ni ì bá ṣe rí láàárín wa? Yèyé sọ òótọ́, n kò ní ara méjì tí mo lè fi wò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, odidi ẹyin kọ̀ọ̀kan ló wà níwájú wa. Yèyé gbé e kalẹ̀, wọ́n sì padà sí ìdí iná láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá ò jókòó tì wá mọ́. Táíwò bó tirẹ̀, ó là á sí méjì bí ó ti máa ń ṣe. Lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ mi ti ṣí sílẹ̀, n kò rán an níṣẹ́. Táíwò jẹ ìdajì kan. Ó jẹ ìdajì kejì, ó fi omi tì í.

“Tìrẹ ti pé,” ni ó wí, ó sì gbé àwo rẹ̀ lọ fọ̀.